Àbẹ̀kẹ́, Nípa Àwọn Ẹrù Tó O Fẹ́ Fi Máa Gún Ẹja Lábẹ́ Òkun

Fìdítì,
lábẹ́ igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé

Bùkọ́lá, Àbẹ̀kẹ́ mi, àbíkẹ́yìn mi, ọmọ tó jogún ẹ̀rín bàbá ẹ,

Bírò wà lọ́wọ́ mi, fóònù ìyá ẹ wà lórí itan mi, àwọn fọ́tò tó o fi ránṣẹ́ wà nínú ẹ̀, mi ò sì mọ ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ara wa le. Ewúrẹ́ tó o fi sílẹ̀ ti bímọ, ọmọ ẹ̀ ti ń jẹ aṣọ tá a sá bíi ti ìyá ẹ̀. Kò sí nǹkan kan tó ṣe wá nílé yìí àfi orí mi, tí kò dúró sójú kan mọ́ látọjọ́ tó o ti fi ohùn ẹ yẹn ránṣẹ́.

O mọ̀ pé mi ò lọ sílé ìwé. Kíláàsì àwọn àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ A, irùngbọ̀n ti hù lágbọ̀n mi nígbà yẹn. Tó o bá rí ibi tí mo ti fa ìlà pa ọ̀rọ̀ rẹ́, má bínú, èmi àti bírò la jọ ń jà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kọ ọ́, kí n kọ gbogbo ẹ̀ tán, kí ìyá ẹ ya fọ́tò ẹ̀ sórí Wásáàpù, kí n sinmi.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó yé mi, kó o lè mọ ibi tí mo ti ṣìnà. O ríṣẹ́ tíṣà ní erékùṣù kan láàárín òkun. Ìyẹn yé mi, a jó, a dúpẹ́. O ní omi ibẹ̀ mọ́ bíi gíláàsì, pé èèyàn á dúró lórí àpáta, á máa wo ẹja nísàlẹ̀. Ìyẹn náà yé mi díẹ̀. O wá ní àwọn ará ibẹ̀ kì í da àwọ̀n, wọn kì í ju ìwọ̀. Ọ̀kọ̀ ni wọ́n ń mú dání, wọ́n á di èémí mú, wọ́n á mòòkùn lọ bá ẹja nílé ẹ̀, wọ́n á gún un níbẹ̀. Ibí yìí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù. O ní ọ̀gá kan ti kọ́ ẹ, o ti mọ̀ ọ́n, ó ku kó o ra ẹrù tìẹ. Ni fọ́tò bá ń wọlé, oríṣi méjì méjì. O ní:

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ gún ẹja nígbà èwe yín. Ẹ bá mi yàn. Èyí tẹ́ ẹ bá mú ni màá rà ní Sátidé."

Ìyá ẹ ń gbọ́. Ìyẹn ì bá tiẹ̀ rọrùn, àmọ́ o ò dákẹ́ síbẹ̀. O ní tíṣà ẹgbẹ́ ẹ kan á máa bá ẹ lọ, pé ọjọ́ tí kò bá ráàyè, wàá dá lọ.

"Bàbá Bùkọ́lá, ibo ló ní òun fẹ́ dá lọ?"

"Inú òkun."

"Kó lọ ṣe kí ni?"

"Kó lọ gún ẹja."

"Ṣé kò sẹ́ja lọ́jà wọn ni?"

"Ó wà."

"Ṣé wọn ò sanwó oṣù fún un ni?"

"Wọ́n ń san án."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ yín ni."

Ó gbé abọ́ ẹ̀gúsí ẹ̀, ó kọjá lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó tún yíjú padà. Ó ní, "Ọmọ yìí kì í gbọ́ tèmi, tiyín ló ń gbọ́. Ohun tẹ́ ẹ bá kọ ló máa ṣe. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ pé kó lọ, tí omi wá gbé e lọ, mi ò ní bi Ọlọ́run. Ẹ̀yin ni màá bi."

Ṣó o wá rí ibi tí mo jókòó sí. Tí mo bá ní kó o má lọ, mo mọ̀ ẹ́, wàá lọ, o ò kàn ní sọ fún wa ni. Tí mo bá ní kó o lọ, mi ò ní lè sùn lọ́jọ́ Sátidé kankan mọ́. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Káríìmù, fọkanáísà tó wà ní oríta Ìlọra, torí ó ti ṣiṣẹ́ ní Wàrí rí, ó sì máa ń sọ pé òun mọ omi. Mo lọ síbẹ̀ kó lè là mí lọ́yẹ̀. Mo tibẹ̀ dé pẹ̀lú ìdàrúdàpọ̀ tuntun lórí ti tẹ́lẹ̀. Ohun témi àtiẹ̀ fà yọ rèé, pẹ̀lú ohun tójú èmi fúnra mi ti rí lódò.

Èkíní, gíláàsì ojú. Méjì ló wà nínú fọ́tò. Ọ̀kan fẹ̀ bíi fèrèsé, èkejì kéré, ojú kọ̀ọ̀kan ní gíláàsì tiẹ̀. Nígbà tèmi, gíláàsì wẹ́dà ni mo yá, èyí tó dúdú yẹn tí wọ́n fi ń wo iná. Mo rò pé ohun tó lè wo iná, kí ni omi fẹ́ fi ṣe é? Mo wọnú odò ẹ̀yìn Ìmínì lọ́sàn-án gangan, ilẹ̀ ṣú. Mi ò rí ọwọ́ ara mi. Mo ń na ọ̀kọ̀ síwájú bí ẹni tó ń wá ẹnu ọ̀nà nínú òkùnkùn, ó bá wọ nǹkan kan. Nǹkan náà wúwo, ó sì rọ̀. Mo pariwo, mo fà á dé bèbè. Àpò pákí ni. Ìyá kan ló rẹ pákí láfún ẹ̀ sódò jẹ́ẹ́jẹ́ ẹ̀. Ó sì wà níbẹ̀, ó ń fọṣọ.

"Kí ni pákí mi fi ṣe ẹ́?"

"Mo rò pé ẹja ni, mà."

"Ẹja tó wà nínú àpò? Ta ló bá ẹ dì í?"

Àbẹ̀kẹ́, má ra èyí tó dúdú. Láàárín méjèèjì tó wà nínú fọ́tò, Káríìmù ní kì í ṣe fífẹ̀ tàbí kíkéré, ṣé afẹ́fẹ́ ń gba etí ẹ̀ kọjá ni. Ó ní kó o gbé e lé ojú láìfi rọ́bà ẹ̀ kọ́ orí, kó o wá fi imú fa èémí sínú. Tó bá di ojú ẹ mú tí kò já bọ́, tìẹ nìyẹn. Tó bá já bọ́, ti ẹlòmíì ni, bó ti wù kó rẹwà tó. Ó ní bí òun ṣe ń mọ tíùbù tó ń jò nìyẹn. Ti jíjò, mo gbà á gbọ́, iṣẹ́ ẹ̀ ni. Kó irun ẹ sẹ́yìn dáadáa kó o tó wò ó, torí tí didi kan bá wà lábẹ́ etí ẹ̀, omi á bá a wọlé.

Èkejì, aṣọ rọ́bà tó fún mọ́ra yẹn. Ìyá ẹ wo ìbòrí ẹ̀, ó ní ṣé ẹja ni wọ́n fẹ́ lọ gún àbí wọ́n fẹ́ lọ jalè. Ọ̀kan dúdú, ọ̀kan ní àwọ̀ ewé àti omi lóríṣiríṣi bíi tàwọn ṣọ́ja. Bí mo ṣe rí ìyẹn, eegun orúnkún mi rántí nǹkan. Ní ìgbà kan, mo ra ṣòkòtò òkìríkà tó ní irú àwọ̀ yẹn lọ́jà Ọ̀yọ́. Ó bá mi mu. Mo wọ̀ ọ́ gba Awẹ́ padà, bí ẹni tó jẹ́ nǹkan kan. Àwọn ṣọ́ja dá mọ́tò wa dúró. Wọ́n ní kí n sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní ṣé mo mọ odò wẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n wẹ̀. Mo ní ibo ni odò wà. Wọ́n ní orí títì tí mo dúró sí yẹn ni. Mo wẹ̀ ẹ́ o, láti ibi mọ́tò títí dé ibi igi kan, mo tún wẹ̀ ẹ́ padà. Àwọn èrò mọ́tò ń wò mí. Ìyá àgbà kan ní kí n gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀ sí i.

Torí náà, dúdú ni mo mú. Àmọ́ nígbà tí mo sọ fún Káríìmù, ó ní kò sí ṣọ́ja nínú òkun, pé ńṣe ni àwọ̀ yẹn kì í jẹ́ kí ẹja rí èèyàn. Mo ní tí ẹja ò bá rí i, ṣé ọkọ̀ ojú omi tó ń sáré bọ̀ máa rí i? Ó ní ìyẹn ni wọ́n ṣe ń fa nǹkan pupa tó ń léfòó tẹ̀lé ara wọn, tí wọ́n fi àsíá lé lórí. Ó wá túmọ̀ sí pé wàá ra aṣọ tí wọn ò fi ní rí ẹ, wàá tún ra àsíá tí wọ́n fi máa rí ẹ. Mo ní kí Káríìmù tún un sọ. Ó tún un sọ. Bákan náà ni. Ó dáa, ra nǹkan tó ń léfòó yẹn, kó o sì ra èyí tó tóbi jù. Tí wọ́n bá ní àwọ̀ méjì, mú èyí tó máa dun èèyàn lójú jù.

Nípa bẹ́líìtì òjé, mo fẹ́ kó o mọ̀ pé mo gbìyànjú.

"Káríìmù, kí ni wọ́n ń fi òjé ṣe nídìí bẹ́líìtì?"

"Kó lè rì ni, bàbá."

"Kí ta ni lè rì?"

"Bùkọ́lá."

"Ọmọ mi?"

"Aṣọ rọ́bà yẹn máa ń léfòó ni. Tí kò bá so òjé, kò ní lè lọ sísàlẹ̀."

"Tó bá wá dé ìsàlẹ̀ ńkọ́?"

"Bàtà tó dà bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ yẹn ló máa fi gòkè."

Mo rò ó. Aṣọ tó ń gbé e sókè, ó fẹ́ rà á. Òjé tó ń gbé e lọ sísàlẹ̀, ó fẹ́ rà á. Bàtà tó máa dá a padà sókè, ó tún fẹ́ rà á. Tó bá kúkú jókòó sórí àpáta, ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ tó sì máa parí sí náà ló wà yẹn. Mo sọ ọ́ fún Káríìmù. Ó ní òun ò tíì rò ó báyẹn rí. Ó jọ pé ó bà á nínú jẹ́ díẹ̀.

Síbẹ̀, tó bá jẹ́ dandan, èyí tó o lè fi ọwọ́ òsì fà lẹ́ẹ̀kan kó tú ni kó o rà. O rántí bẹ́líìtì mi ti Kérésìmesì, èyí tí irin ẹ̀ ń dán. O rántí ọjọ́ tí inú ń run mí, tí mo sáré dé ẹnu ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́, tí irin yẹn ò tú. Mo fà á sọ́tùn-ún, mo fà á sósì, mo gbàdúrà. Ẹ fi mí rẹ́rìn-ín nílé yìí títí ọdún fi yí. Mo fẹ́ kó o fi ojú inú wo bẹ́líìtì yẹn nínú omi. Nínú ṣọ́ọ̀bù, kó o di ojú ẹ, kó o fi ọwọ́ òsì tú u. Tí kò bá tú lẹ́ẹ̀kan, kó o dá a padà fún wọn. Òun sì ni kó o wọ̀ kẹ́yìn gbogbo nǹkan, kí okùn kankan má gba orí ẹ̀ kọjá.

Bàtà pẹ́pẹ́yẹ, èyí tó bá ẹsẹ̀ ẹ mu gẹ́lẹ́ ni kó o mú. Èyí ò dàrú mọ́ mi lójú rárá. Bàbá mi máa ń ra bàtà ṣọ́ọ̀ṣì tó tóbi fún wa, pé ẹsẹ̀ wa á dàgbà bá a. Ọdún tí wọ́n máa sàmì fún mi, mo gbẹ́sẹ̀ nínú ilé Ọlọ́run, bàtà dúró sẹ́yìn. Pásítọ̀ dúró dè é. Lórí ilẹ̀, wàá padà lọ mú un. Nínú òkun, ta ló fẹ́ bá ẹ mú un? O ti dàgbà, Àbẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ ẹ ò ní dàgbà mọ́. Má sì ra èyí tó gùn jù torí pé ó gùn. Kó o kọ́kọ́ bi ọ̀gá tó kọ́ ẹ léèrè èyí tí ẹsẹ̀ obìnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́ lè máa jù láìsú.

Ó wá kan ìbọn ẹja, èyí tó ń fi rọ́bà ta ọ̀kọ̀ jáde. Níbí, mo lè sọ̀rọ̀ bí àgbà, torí èmi àti wẹ́dà tí mo yá gíláàsì ẹ̀ yẹn ṣe ọ̀kan rí. Igi la gbẹ́, rọ́bà tíùbù la fi sí i, irin tó mú ṣóńṣó la fi ṣe ọ̀kọ̀ ẹ̀. Inú mi dùn sí i débi tí mo fi gbé e lọ sílé àwọn ìyá ẹ ní Ìlọra, mo fẹ́ kí bàbá ẹ̀ mọ irú ọkùnrin tó ń bọ̀ wá sílé òun. Bàbá jókòó ní pálọ̀.

"Kí nìyẹn?"

"Ìbọn ẹja ni, sà."

"Ẹja wo ló wà ní pálọ̀ mi?"

"Kò sí, sà. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ rí bó ṣe máa ń..."

Ìbọn bá ta. Mi ò fọwọ́ kàn án, mo búra, àmọ́ mo ti fa rọ́bà ẹ̀ láti ìta kó lè jọ nǹkan gidi. Ọ̀kọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ etí bàbá kọjá, ó gún agboòrùn dúdú wọn tó fi ara ti ògiri ní àgúnyọ. Bàbá ò pariwo. Wọ́n dìde, wọ́n mú agboòrùn, wọ́n ṣí i, wọ́n gba ibi ihò ẹ̀ wò mí. Àbẹ̀kẹ́, wọn ò lẹ̀ ẹ́ títí wọ́n fi kú. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, òjò rọ̀, wọ́n dúró sábẹ́ ẹ̀, omi ń kán sí wọn ní èjìká, wọ́n sì ń wò mí.

Torí náà, èyí tó bá ní ohun tó ń dè é mọ́lẹ̀ dáadáa, kó má bàa ta fúnra ẹ̀, ni kó o mú, ìbọn kékeré ni, má mú ńlá. Inú omi nìkan ni kó o ti máa fa rọ́bà ẹ̀. Kó o tó gòkè sórí àpáta, kó o ti tú u. Má fi han ẹnikẹ́ni ní pálọ̀.

Ọ̀rọ̀ agboòrùn yìí ò tán síbẹ̀ o, òun ló gbé wa dé ibi tí mo ń lọ, ìyẹn okùn. Mo rí i nínú fọ́tò pé okùn wà lára ọ̀kọ̀, mo sì fẹ́ kó o ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá ìyá ẹ ní òun ò gba owó agboòrùn lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ ìbọn ẹja ni mo fi bà á jẹ́, kí n fi gbé ẹja wá, ẹja ńlá, kí n fi bẹ àwọn. Wọ́n sì ní kí ọmọ àwọn tẹ̀ lé mi dé odò, kó fojú ara ẹ̀ rí i pé mo gún un, torí kò sóhun tó ní kí n má yà lọ rà á lọ́jà. Bí ìyá ẹ ṣe dé bèbè odò ẹ̀yìn Ìmínì nìyẹn. Ọlọ́pàá ẹja ni.

Ọsàn la ti ń ká bọ̀ lọ́jọ́ náà, gọ̀gọ̀ tí mo fi ń já a sì wà lọ́wọ́ mi, ọ̀pá gígùn tí irin mímú tó tẹ̀ kọdọrọ wà lórí ẹ̀. Mo fi sílẹ̀ fún un ní bèbè. Mo fi ọ̀bẹ mi náà sílẹ̀ fún un, kó fi bó ọsàn jẹ. Mo wá so okùn ọ̀kọ̀ mọ́ ìbàdí mi. Kò sẹ́ni tó bi mí ìdí. Bí gbogbo àwa tá a ń ká ọsàn ní Fìdítì ṣe máa ń ṣe nìyẹn: tó o bá fẹ́ gun igi, wàá so okùn àpò mọ́ ìbàdí, kí ọwọ́ ẹ méjèèjì lè ráàyè. Kókó tá a máa ń ta okùn náà sì ní ọgbọ́n tiẹ̀. Bí àpò bá ṣe ń wúwo sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń fún sí i, kí ọsàn má bàa já bọ́. Kókó tó dáa ni, lórí igi.

Mo mòòkùn. Mo rí ẹja àrọ̀ kan lábẹ́ gbòǹgbò, orí ẹ̀ tó orí ewúrẹ́. Mo ta ìbọn, ó wọ̀ ọ́. Mo láyọ̀ fún ìwọ̀n ìgbà téèyàn fi ń sín. Ẹja sá wọ abẹ́ gbòǹgbò lọ, ó fa okùn, okùn lọ́ mọ́ gbòǹgbò, kókó bẹ̀rẹ̀ sí í fún. Mo fà á, ó ń fún sí i. Bó ṣe yẹ kó ṣe náà ló ń ṣe. Mo nawọ́ wá ọ̀bẹ mi nídìí, mo wá rántí ibi tó wà: lókè níbẹ̀, nínú ọsàn.

Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa ohun tó tẹ̀ lé e. Omi dákẹ́ gan-an nísàlẹ̀. Mo rántí pé mo ń rí ìmọ́lẹ̀ lókè, kò jìnnà, bí àjà ilé báyìí, mi ò sì lè dé ibẹ̀. Mo ronú pé wọ́n máa sọ fún bàbá ìyá ẹ pé ẹja ló gún mi.

Ìyá ẹ rí i pé omi ti dúró jẹ́ẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Kò pariwo, kò sáré lọ pe ẹnikẹ́ni. Ó wọnú omi dé àyà, ó ti gọ̀gọ̀ bọ ìsàlẹ̀, ó ń fi wá a kiri títí ó fi kan okùn tó le tantan. Ó ní ó dà bí ìdí ọsàn lọ́wọ́ òun. Ó fi irin ẹ̀ kọ́ ọ, ó yí ọwọ́, ó fà á lẹ́ẹ̀kan bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré. Ó já. Bó ṣe já mi nìyẹn, bí ọsàn. Mo gòkè, ṣòkòtò mi ti bá omi lọ, mo jókòó sórí ẹrẹ̀, mo ń pọ omi. Ó dúró lórí mi tòun ti gọ̀gọ̀, ó ní:

"Ẹja bàbá mi dà?"

Ẹja ti lọ, pẹ̀lú ọ̀kọ̀ àti okùn. Nígbà tá à ń lọlé, ó yà lọ́jà, ó ra ẹja, ó lọ sọ fún bàbá ẹ̀ pé èmi ni mo gún un, pé òun rí i. Bàbá jẹ ẹ́ tán, wọ́n ní ó dà bíi pé ẹja yìí ti kú tipẹ́ kí n tó gún un.

Torí náà, Àbẹ̀kẹ́, má so okùn kankan mọ́ ara ẹ, ìbàdí o, ọwọ́ o. Ara nǹkan pupa tó ń léfòó yẹn ni kó o so ó mọ́, kí òun àti ẹja jọ máa jà. Ra ọ̀bẹ, kékeré tó mú, kó o dè é síbi tí ọwọ́ ẹ méjèèjì ti lè dé e. Kì í ṣe fún ẹja, fún okùn ni. Má yá ẹnikẹ́ni, kódà tí wọ́n bá fẹ́ bó ọsàn.

Èyí tó kẹ́yìn ò sí nínú fọ́tò ẹ, wọn kì í sì í tà á. Ẹni tó máa wà lórí omi tó o bá wà nísàlẹ̀ ni. Kì í ṣe ẹni tó máa jókòó sétí òkun máa tẹ fóònù. Tó o bá lọ sísàlẹ̀, kó máa wò ẹ́ lókè, tó o bá gòkè, kó ṣì máa wò ẹ́ títí èémí ẹ á fi balẹ̀, torí Káríìmù ní àwọn kan ti dókè tán kí wọ́n tó dákú. Kí òun náà tó lọ, kí ìwọ náà máa wò ó. Irú èèyàn wo ni kó o wá yàn? Mo ti ronú sí i gan-an. Yan ẹni tó ń retí nínú ẹja náà. Ṣèlérí ìdajì ẹja fún un kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹja nínú omi ò ní gbójú kúrò lára omi. Ohun tó gba bàbá ẹ là nìyẹn, pé ẹnì kan wà ní bèbè tí wọ́n ní kó má padà délé láìmú ẹja dání.

Ibí ni mo fẹ́ parí ìwé sí. Mo kà á fún ìyá ẹ, torí mi ò fẹ́ kó ní mo fi ọ̀rọ̀ pa mọ́. Ó ń dín ẹja lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín ibi pákí. Níbi agboòrùn, ó ní kí n má sọ̀rọ̀ bàbá òun ní ìsọkúsọ. Nígbà tí mo ka ibi ìdajì ẹja dé, ó dúró.

"Ẹja wo?"

"Ẹja tí bàbá ẹ ní kó o gbà lọ́wọ́ mi. Èyí tó ò gbójú kúrò lára ẹ̀."

"Bàbá Bùkọ́lá, ta ló sọ fún yín pé ẹja ni mò ń wò?"

Mo ní, "Ṣebí ohun tó o kọ́kọ́ bi mí nìyẹn. O ní ẹja bàbá ẹ dà."

"Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Ẹ jókòó nínú ẹrẹ̀, ẹ ò wọ ṣòkòtò, ẹnu mi ń gbọ̀n. Ohun tó wá sí mi lẹ́nu nìyẹn. Tó bá jẹ́ ẹja ni mo bá lọ, ta ló wá fowó ọsàn ara ẹ̀ ra òmíì lọ́jà?"

Àbẹ̀kẹ́, ọjọ́ ti pẹ́. A ti kọ́lé, a ti bímọ, a ti jà lórí òrùlé àti lórí ewúrẹ́. Nínú gbogbo ẹ̀, mo rò pé mo mọ bí ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ṣe jẹ́. Mo ní kí n fa ìlà pa ibi ìdajì ẹja rẹ́. Ó ní kí n fi sílẹ̀, ó dáa fún ẹni tí kò tíì rí irú kejì, ìyẹn ẹni tí kì í ṣe ẹja ló ń wò. Ó tún ní, "Ẹ kọ ọ́ pé kó lọ. Ẹ kọ ọ́ pé èmi ni mo ní kó lọ. Àmọ́ ọjọ́ tí kò bá ti sí ẹni tó máa wò ó, kí òun náà jókòó sí bèbè, kó jẹ ọsàn."

Ọ̀rọ̀ ìyá ẹ nìyẹn, kò sí nǹkan tí mo fẹ́ fi kún un. Lọ ra ẹrù ẹ ní Sátidé, aṣọ dúdú o, bẹ́líìtì tó ń tú. Mo fara mọ́ bàtà, mo fara mọ́ ìbọn kékeré. Àwọn tó kù ṣì ń dàrú mọ́ mi lójú.

Mo ṣì jókòó sábẹ́ ọsàn yìí, mo ń wo ìyá ẹ nídìí ààrò. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè kí ni mò ń wò. Mo ní ẹja ni.

Èmi ni bàbá ẹ,
ọsàn tí ìyá ẹ já lódò.